Ẹja Pípa Lódò Erinlẹ̀ àti Odò Ọ̀ṣun

Odò Erinlẹ̀ ń ṣàn ní ìlà-oòrùn Èjìgbò àti Ara. Ó gba Ìlobùú àti Òkínní kọjá, ó sì dà sínú odò Ọ̀ṣun nítòsí Ẹdẹ. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti wá láti Ìgèdè-Èkìtì, ó ti la Òṣogbo kọjá. Bó bá kúrò ní Ẹdẹ, gúúsù ló ń lọ títí yóò fi bọ́ sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Bí omi ṣe rí níbì kọ̀ọ̀kan ni apẹja fi ń mọ ohun tí yóò gbé dání.

Ní àwọn odò kéékèèké tó ń wọ Erinlẹ̀, ìgèrè ló ń ṣiṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ níta, ó há nínú, ẹja tó bá sì wọ ibẹ̀ kì í rọ́nà jáde. Ojú ibi tí omi ti há ni wọ́n ń dẹ ẹ́ sí, pàápàá nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, torí ìgbà náà ni àrọ̀ máa ń fi odò ńlá sílẹ̀ lọ yé ẹyin sí pápá tí àkúnya omi bò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò bá gbẹ ku kòtò-kòtò, wọn a dí apá kan, wọn a fi igbá gbọ́n omi rẹ̀ dànù títí ẹja yóò fi kù sórí ẹrẹ̀. Àrọ̀ kì í tètè kú níbẹ̀, nítorí ó lè mí afẹ́fẹ́ òde. Àwọn mìíràn a gún ewé olóró sómi kí ẹja lè léfòó. Òfin àpapọ̀ tó jáde lọ́dún 1992 lórí ẹja inú odò ka májèlé àti àdó olóró léèwọ̀.

Ní ibú, ìwọ̀ ló kù. Ibú Erinlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Olókìkí jù nínú wọn ni Ibúalámọ, tí àwọn olórìṣà ń bọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ojú tí Erinlẹ̀ ní, ọdẹ tí ìtàn sọ pé ó di odò. Ekòló ni ìdẹ ibẹ̀, kò sì ṣàdéédé rí bẹ́ẹ̀: irungbọ̀n àti òórùn ni àrọ̀ fi ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ omi dúdú, kì í ṣe ojú. Nílẹ̀ Yúróòpù, níbi tí omi ti tutù tó sì mọ́, ẹja trout ń fi ojú wo kòkòrò tó bà sórí omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè jọ eṣinṣin. Aelian, tó kọ̀wé ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 200, ti ròyìn àwọn ará Masidóníà tó ń we òwú pupa àti ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ wọn. Lọ́dún 1905 ni wọ́n kó trout dé àwọn odò orí òkè ní Kẹ́ńyà. Lódò Erinlẹ̀, ooru omi nìkan tó láti lé e sẹ́yìn.

Ní Òṣogbo, bí Ọ̀ṣun bá ti wọ igbó òrìṣà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ síbẹ̀. Ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni ẹja odò náà. Ìtàn sọ pé Ọba Láròóyè na ọwọ́ sí odò, tí ẹja ńlá kan sì fò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa Àtáọ́ja, oyè ọba Òṣogbo, yọ. Ìjọba sọ igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ti àgbáyé lọ́dún 2005. Ó ṣeé ṣe kí èèwọ̀ yìí ti dáàbò bo ẹja ju òfin ìjọba èyíkéyìí lọ.

Dáàmù ló yí iṣẹ́ apẹja padà jù. Wọ́n kọ́kọ́ sé Erinlẹ̀ ní Ẹdẹ lọ́dún 1954, wọ́n sì ṣe èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún 1989. Wọ́n sé Ọ̀ṣun náà ní Aṣèjíre, lọ́nà Ìbàdàn. Odò tó ń ṣàn wá di adágún. Ó bá epìyà lára mu, torí etí omi tó dúró ló ń gbẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí. Ó ni ẹja tó fẹ́ràn omi sísáré lára. Ìgèrè ò wúlò níbẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ àti àwọ̀n ọ̀rá ló gbòde. Ohun tí dáàmù ń kọ́kọ́ fúnni lè má pẹ́. Ní adágún dáàmù Kainji lórí odò Ọya, ẹja tí wọ́n ń pa já láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 28 tọ́ọ̀nù lọ́dún 1970 sí nǹkan bí 4,500 lọ́dún 1978. Omi tó dúró tún ń tọ́jú ìgbín tó ń gbé àtọ̀sí ajá, àrùn tí wọ́n ti rí láàárín àwọn tó ń gbé etí adágún Erinlẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ọ̀sà, iṣẹ́ náà di ti àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn, tí ọ̀bọ̀kún wà lára ẹja tí wọ́n ń pa.

Láti nǹkan bí ọdún 2020 ni omi Ọ̀ṣun ti ń pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àrọ̀ tó ń wọ ọjà báyìí, inú odò àtọwọ́dá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Bí kò ti sí àkúnya omi níbẹ̀, àwọn tó ń sìn ín máa ń gún abo rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó tó lè yé ẹyin.