Ta Ló Ni Sátidé?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì lẹ àwòrán kan mọ́ ara ògiri káàkiri ìgboro. Ọmọkùnrin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi sí i lẹ́nu ni pé lọ́jọ́ Sátidé, òun lòun ni bàbá òun. Wákàtí 48 ni òṣìṣẹ́ ń ṣe lọ́sẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Bàbá á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, á wọlé nígbà tí ojú oorun bá ti ń kun ọmọ. Sátidé kò yàtọ̀ sí Ọjọ́rú.

Àwọn ará ilé wa tó bá gbọ́ pé wákàtí 35 ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ níbí máa ń sọ pé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, pé ẹni tó yó ló ń ráyè sinmi. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tó kúrò lára 48 yẹn ló ní ọdún tí wọ́n gbà á, ó sì ní àwọn tó dúró sẹ́nu géètì kí ó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ẹ̀rọ tí ń gé irin ni mò ń darí, ní ilé iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí Stuttgart. Ìwé tó sọ iye tí mò ń gbà àti iye wákàtí tí mò ń ṣe kì í ṣe ìwé ọ̀gá mi, kì í sì í ṣe òfin ìjọba. IG Metall, ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ irin, àti ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ló jókòó, tí wọ́n jọ kọ ọ́, tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìwé ọ̀hún pín sí méjì. Ti owó kì í pẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, wọ́n á tún un dúnàá-dúrà. Ti àkókò iṣẹ́ àti ìsinmi lè wà lọ́pọ̀ ọdún láìyí padà. Níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yan iṣẹ́ lódì nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, tí ọ̀rọ̀ kò sì wọ̀, a ó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí díẹ̀: a ó dé fìlà pupa, a ó fun fèrè lẹ́nu géètì, a ó dá iná sínú àgbá irin. Bí etí agbanisíṣẹ́ kò bá tíì là, ìbò ló kù. Nínú ọmọ ẹgbẹ́ ọgọ́rùn-ún, 75 gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn ṣe tán kí ìyanṣẹ́lódì gidi tó bẹ̀rẹ̀. Láti parí rẹ̀, tí 25 bá ti gba àbọ̀ ìdúnàádúrà, ó ti tán. Mo fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀. Kò jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ fi ìbínú ara rẹ̀ kó ènìyàn síta, kò sì jẹ́ kó fi agídí há wọn mọ́ ìta.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tẹ̀wé ló kọ́kọ́ gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tó kárí gbogbo Jámánì, lọ́dún 1873. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ irin ńláńlá kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Lójú tiwọn, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ni àṣẹ. Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1918 ni wọ́n tó yí padà. Ogun Àgbáyé Kìíní ti parí láti ọjọ́ mẹ́rin, ọba ti sá lọ, àwọn sójà àti òṣìṣẹ́ sì ti gba ìgboro. Hugo Stinnes tọwọ́ bọ̀wé fún àwọn agbanisíṣẹ́, Carl Legien fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, kí owó má sì dín. Ìbẹ̀rù ló mú wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, wákàtí mẹ́jọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tí ọdún 1923 fi ń parí, ìjọba ti ṣí ọ̀nà fún wákàtí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni Hitler dé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1933, àwọn ènìyàn rẹ̀ ya wọ gbogbo ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n kó àwọn olórí wọn sí àtìmọ́lé, ó wá di pé ajẹ́lẹ̀ ìjọba ni ń pinnu owó iṣẹ́. Òfin tó dá àṣẹ yẹn padà fún ẹgbẹ́ méjèèjì jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1949, kódà kí wọ́n tó fi ìdí ìjọba Jámánì tuntun múlẹ̀.

Àwòrán ọmọ yẹn kò ṣẹ̀yìn òfin yìí. Ní Bremen, lọ́dún 1956 kan náà, wọ́n fẹnu kò sórí wákàtí 45. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 40, tó bẹ̀rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ irin ní oṣù Kìíní ọdún 1967. Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ṣe di ti ọmọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń padà sí jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe ti wákàtí. Àìsàn ni. Ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Kiel, Flensburg àti Lübeck, tí ọ̀fìnkìn bá dá akọ̀wé dùbúlẹ̀, owó oṣù rẹ̀ á máa wọlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí ọ̀fìnkìn kan náà bá mú ẹni tó ń jó irin pọ̀ lára ọkọ̀, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò rí kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, apá kan nínú owó rẹ̀ ni yóò máa rí gbà. Ọ̀gá kan, ọgbà kan, ara kan náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1956, wọ́n bọ́ síta. Àwọn tó lé ní 30,000 ló wà nínú rẹ̀. Òtútù etí òkun bá wọn níta, Kérésìmesì bá wọn níta, ọdún tuntun bá wọn níta. Wọ́n gbé àbọ̀ ìdúnàádúrà wá bá wọn, wọ́n dìbò, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n tún gbé òmíràn wá, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Nígbà tó di oṣù Kejì, iye tó kọ̀ ṣì lé ní ìdajì, ṣùgbọ́n wọn kò tó 75 mọ́ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyanṣẹ́lódì sì parí lẹ́yìn ọjọ́ 114.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ọkàn wọn kò sì balẹ̀, wọ́n rò pé ẹgbẹ́ tà wọ́n. Síbẹ̀ lọ́dún yẹn náà ni ilé aṣòfin ṣe òfin tó fi kún owó àìsàn gbogbo òṣìṣẹ́ Jámánì, títí tó fi di pé láti oṣù Kìíní ọdún 1970, òṣìṣẹ́ afọwọ́ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ń gba owó wọn pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àìsàn. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lẹ́yìn, tí owó oṣù mi kò sì dín ní kọ́bọ̀, àwọn ará Kiel wọ̀nyẹn ni mo rántí. Mi ò mọ ẹnì kan nínú wọn, mo sì jẹ wọ́n ní gbèsè.

Àwọn àjèjì náà kò gbẹ́yìn. Ní Neuss, lọ́dún 1973, àwọn obìnrin tó wá láti Yugoslavia, Tọ́kì, Gíríìsì àti ilẹ̀ míì ló dá iṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ Pierburg, nítorí pé wọ́n to iṣẹ́ wọn sí ìpele owó tó kéré jù, wọ́n ní iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Àwọn ọkùnrin Jámánì tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ jáde tẹ̀ lé wọn, ìpele yẹn sì pa rẹ́ níbẹ̀.

Ọdún 1984 ni ìjà wákàtí 35. Àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ti lé ní mílíọ̀nù 2, ẹgbẹ́ sì ní kí a pín iṣẹ́ tó wà kí ó lè kárí. Helmut Kohl, olórí ìjọba, pe ìbéèrè náà ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ 35 sára oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n so ó mọ́ àyà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, nǹkan bí 13,000 ènìyàn ló jáde ní agbègbè Stuttgart, ní ilé iṣẹ́ mélòó kan tí wọ́n fara balẹ̀ ṣà: àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò. Láìpẹ́, ilé iṣẹ́ mọ́tò káàkiri Jámánì kò rí ẹ̀yà tò mọ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ dá a padà: wọ́n ti géètì mọ́ òṣìṣẹ́ tó ju 100,000 lọ síta. Olórí àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ wá pàṣẹ pé àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró ní ìpínlẹ̀ míì kò ní gba owó ìrànlọ́wọ́ kankan, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e ní oṣù Kẹfà.

Àgbà ọkùnrin ará Tọ́kì kan ló kọ́ mi níṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n tì síta nígbà náà. Ó máa ń sọ pé nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyàwó òun ń ka ọ̀dùnkún kí ó tó sè é. Mo bi í léèrè bóyá ó kábàámọ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó kọjú sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe wákàtí kan àbọ̀ la gbà. Ohun tí wọ́n ní a ò lè fọwọ́ kàn láéláé la fọwọ́ kàn.”

Nítorí wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n gbà lóòótọ́. Georg Leber, tó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ rí, tó sì ti ṣe mínísítà ètò ààbò, ló là wọ́n níjà ní òpin oṣù Kẹfà: 38.5 láti oṣù Kẹrin ọdún 1985. Ó di 37.5 lọ́dún 1988, ó di 37 lọ́dún 1989. Àdéhùn ọdún 1990 ló gbé e dé 36 lọ́dún 1993, ó sì di 35 ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995. Ọdún mọ́kànlá ló gbà láti ìgbà tí wọ́n ti so oòrùn mọ́ àyà.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àdéhùn Leber gbà pé nínú ilé iṣẹ́ kan náà, kí ẹnì kan ṣe 37, kí ẹlòmíràn ṣe 40, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti já sí 38.5. Ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ènìyàn bá ń sinmi, ìsinmi náà sì di ohun tí à ń tò jọ. Bàbá ọmọ kan lè wà nílé ní Ọjọ́bọ̀ nígbà tí ọmọ wà nílé ìwé, kí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé. Mo gbà pé èrè rẹ̀ pọ̀ ju àdánù lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé kò sí àdánù níbẹ̀ kò tíì ṣe ṣífìtì rí. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí àdéhùn ọdún 2018: ó fún òṣìṣẹ́ lágbára láti dín iṣẹ́ kù sí wákàtí 28 fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì padà; àwa tí à ń ṣe ṣífìtì sì lè gba ọjọ́ mẹ́jọ dípò owó àjẹmọ́nú kan.

Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ Jámánì ló wà lábẹ́ irú ìwé yìí. Nǹkan bí ìdajì ni. Ní Austria tó múlé gbè wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo ènìyàn, nítorí òfin mú gbogbo iléeṣẹ́ wọ inú ẹgbẹ́ tó ń tọwọ́ bọ̀wé. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí orílẹ̀-èdè tí àdéhùn kò bá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé ètò kalẹ̀ láti mú un gòkè. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ wa tó ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí lóru, tí wọ́n bi mí léèrè ìdí tí tèmi fi yàtọ̀.

Ìlà oòrùn Jámánì ló dùn mí jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, àwọn òṣìṣẹ́ irin ibẹ̀ yan iṣẹ́ lódì kí wákàtí 38 tiwọn lè di 35 bíi tiwa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ dá a dúró láì rí nǹkan kan gbà, láàárín ìjà àwọn aṣáájú, a sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tó rí àdéhùn tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá gbà. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ míì kò tíì jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà rárá.