Abẹ̀mí

Ohun abẹ̀mí ni ohunkóhun tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀: ènìyàn, ewúrẹ́, igi ìrókò, olú, títí dé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Òkúta, omi àti irin jẹ́ aláìlẹ́mìí. Inú "mí" ni ẹ̀mí àti èémí ti jáde, ṣùgbọ́n mímí nìkan kò tó fi dá abẹ̀mí mọ̀. Iná ń gba afẹ́fẹ́, ó ń jẹ igi, ó sì ń ràn. Síbẹ̀ kò ní sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di ara gbogbo abẹ̀mí, nítorí náà kò lẹ́mìí. Kóró dàbínù ńkọ́, tó gbẹ, tí kì í mira? Wọ́n hú àwọn kan jáde ní Masada, ní Ísírẹ́lì, tí wọ́n ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún. Ní 2005, ọ̀kan nínú wọn hù.

Fáírọ́ọ̀sì ló ṣòro jù láti mọ̀ bóyá abẹ̀mí ni. Ní 1935, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Wendell Stanley sọ èyí tó ń ba ewé tábà jẹ́ di kírísítálì bí iyọ̀. Tó bá tún wọ inú ewé, á máa pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní tèmi, n kò ní kà á mọ́ abẹ̀mí, nítorí sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.