Ekòló Tó Júbà Ilẹ̀

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Old Garage, Òṣogbo, mo bá ọmọ ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà ilé ìwẹ̀. Ó bu iyọ̀ sọ́wọ́, ó ń wọ́n ọn lé àwọn ekòló lórí. Wọ́n ń ká, wọ́n ń nà.

"Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Bàbá, wọ́n ń rí mi lára ni. Ẹ jẹ́ kí n pa wọ́n."

Mo ní kó dá iyọ̀ ìyá rẹ̀ padà sí ilé ìdáná, kó sì wá jókòó. Ìtàn tí mo sọ fún un náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ní ọdún 1890, ogun ṣì wà nílẹ̀ Yorùbá. Ìkìrun, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pa bùdó sí. Òyìnbó kan wà tí í jẹ́ Alvan Millson, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ìjọba rán an wá sí òkè ọ̀hún nítorí ọ̀rọ̀ ogun náà. Bó ti ń rìn lọ, imí ekòló tó bo ilẹ̀ oko wa yà á lẹ́nu. Ó kó èyí tó wà lórí ojú ilẹ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó lọ, ó sá a gbẹ, ó wọ̀n ọ́n. Nígbà tó ṣírò rẹ̀, ó ní ekòló ń gbé 62,233 tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ wá sókè lọ́dọọdún lórí ilẹ̀ tó jẹ́ máìlì kan níbùú lóròó.

Ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ó lé ní 97 tọ́ọ̀nù lórí éékà kan ṣoṣo. Charles Darwin, tó kọ odidi ìwé lórí ekòló ní 1881, sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lórí éékà kan. Tiwa ju tiwọn lọ fíìfíì!

Millson kọ ọ́ pé Yorùbá mọ̀ pé ibi tí ekòló kò bá ti ṣiṣẹ́, asán ni kéèyàn dáko síbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa ló ni ìmọ̀ yìí. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀mọ̀wé Beddard ń sọ ekòló àbàtà kan lórúkọ ní 1891, orúkọ Millson ló fún un. *Alma millsoni* ni wọ́n ń pè é títí dòní. Orúkọ àgbẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀.

Èyí tí ọmọ mi ń fi iyọ̀ pa ńkọ́? Irú èyí tó fẹ́ràn ẹ̀bá gọ́tà, *Eudrilus eugeniae*, ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń sìn ín tà fún àwọn apẹja tí ń fi í sẹ́nu ìwọ̀. Ní Íńdíà àti Filipínì, wọ́n ń fi í sọ pàǹtí di ajílẹ̀. Owó gidi ni wọ́n fi ń rà á. Àwa ń da iyọ̀ sí i.

Èmi pàápàá jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gbá ewé ẹ̀yìnkùlé mi jọ, tí mo ń dáná sun ún. Mo pè é ní ìmọ́tótó. Ilẹ̀ náà le gbandi, tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn kò ga ju ìka lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, tó ṣiṣẹ́ ní IITA ní Ìbàdàn láti 1970 sí 1987, ti fi hàn pé bí a bá fi ewé àti koríko bo ilẹ̀, tí a kò tú u, ekòló á pọ̀ níbẹ̀, omi òjò á sì ráyè wọlé. Ní 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé.

Nítorí náà, èmi àti ọmọ náà wá garawa tó ti bàjẹ́, a dá ihò sí ìdí rẹ̀, a gbé e sí abẹ́ òjìji. A kó ewé gbígbẹ àti imí màlúù tó ti pẹ́ sí i, a wọ́n omi díẹ̀, a wá kó ekòló sínú rẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo iṣu ni oúnjẹ wọn. Iyọ̀, ata àti epo kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó ajílẹ̀, a ó kó oúnjẹ tuntun sí apá kan. Wọ́n á wọ́ tọ̀ ọ́ lọ, a ó sì bu ti apá kejì.

Ọmọ náà wá bi mí bóyá òun lè fi díẹ̀ pẹja lódò Ọ̀ṣun. Mo ní nínú igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni. Kó lọ wá odò mìíràn.

Àwọn àgbà ní ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ti ń lanu padà. Lánàá, ọmọ náà ló pè mí wá wo tẹ̀tẹ̀ tó ti dé orúnkún rẹ̀.