Àdéhùn Ìjọba Pẹ̀lú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́-Olùkọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1846 sí 1875

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ìwọ̀fà mọ̀ pé bí ó ti wù kí òun ṣiṣẹ́ tó, gbèsè kò ní dín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní tirẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá. Ètò tí James Kay-Shuttleworth bá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1846 kò bá èyíkéyìí mu nínú méjèèjì, nítorí ìjọba ni ó ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ pọ̀.

Ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 13, tí ara rẹ̀ sì dá, ni wọ́n ń gbà. Ọdún márùn-ún ni yóò fi kọ́ṣẹ́: £10 ní ọdún kìíní, títí yóò fi di £20 ní ọdún karùn-ún. Fún ọmọ alágbàṣe, owó gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni alábẹ̀wò ìjọba ń dán an wò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, àní sí ilé tí ó ń gbé pàápàá. Ọmọ yìí a máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré láti òwúrọ̀. Ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá ń fi wákàtí kan àbọ̀ kọ́ òun náà. £5 ni ọ̀gá ń gbà lórí ọmọ kan, £9 lórí méjì. Ẹni tí ó bá yege dáadáa ní ìkẹyìn lè gba ẹ̀bùn Ọbabìnrin lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Wọ́n sì ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ pé ọdún 15.

Ibi ìlérí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀fà, bí ìyà rẹ̀ ti pọ̀ tó, mọ iye tí ó wà lọ́rùn òun. Kò tọ́ kí olówó yí i padà láàrin ọ̀nà. Ní 1862, Robert Lowe yí òfin padà. Àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ni owó ń bọ́ sí lọ́wọ́ wàyí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ bá ti mọ ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò sí. Owó iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ di ohun tí a ń ná bí ẹni ń ná ọjà. Owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú wọlẹ̀. Akéwì Matthew Arnold, alábẹ̀wò ìjọba fúnra rẹ̀, kọ̀wé tako òfin náà, ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sábà dán wò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí wọ́n ti lé ní 13,000 ní 1861 kò tó 9,000 mọ́ ní 1866. Ọdún 1875 ni owó ìfẹ̀yìntì tó padà, fún ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí òfin Lowe tó dé.