Láti Ara Ẹja Dé Orí Bátìrì: Ìtàn Iná Kékeré Tí Wọ́n Fi Ń Tọ́jú Ọpọlọ

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn oníṣègùn ń fi iná mànàmáná sí orí aláìsàn, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bà á. Ọkàn ọ̀pọ̀ yóò lọ sí ìtọ́jú tí Ugo Cerletti àti Lucio Bini bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Róòmù ní 1938, nínú èyí tí iná tó lágbára ti ń mú kí gìrì gbé aláìsàn. Ìtọ́jú yẹn ṣì wà, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Lóde òní, wọ́n máa ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni iná tí ìtàn yìí dá lé. Kò ju milliampere 1 tàbí 2 lọ. Ojú aláìsàn là kedere, gìrì kò gbé e, ó sì lè máa ka ìwé rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tí ẹ̀fọ́rí ń bá fínra gbé ẹja torpedo láàyè lé ibi tó ń dùn ún, títí ibẹ̀ yóò fi kú tipiri. Inú òkun ni ẹja yẹn ń gbé. Àwọn apẹja ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí tó fara jọ ọ́ nínú odò, ìyẹn òjìjì, tí í gbọn ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú jìjìjì. Nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ̀ pé iná ni.

Ní 1791, Luigi Galvani ti ìlú Bologna ní Ítálì tẹ ìwé jáde nípa itan ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú, tó ń ta nígbà tí irin bá kàn án. (Láti ara ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ti dé ọpọlọ, àmì ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì.) Giovanni Aldini, ọmọ arábìnrin Galvani, ló gbé ìmọ̀ náà dé orí ènìyàn. Orí ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ dán an wò, kò sì rí oorun sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ní 1801, ó lo bátìrì tí Volta ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún àgbẹ̀ ẹni ọdún 27 kan, Luigi Lanzarini, tí ìbànújẹ́ ọkàn ti sọ di ará ilé ìwòsàn. Wọ́n fá irun rẹ̀, wọ́n fi omi rẹ awọ orí rẹ̀, wọ́n sì ń fi iná kún iná díẹ̀díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Aldini ti ròyìn, ojú ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í túká.

Ìbá dára bí Aldini bá dúró síbẹ̀. Ní oṣù January 1803, ó fi iná sí òkú George Forster, apànìyàn tí wọ́n so kọ́ ní London, ní ìṣojú àwọn ènìyàn. Párì òkú mì, ojú rẹ̀ kan sì là. Eré yìí ni ayé rántí. Wọ́n gbàgbé àgbẹ̀ Bologna.

Ní 1964, Lippold àti Redfearn tún gbé e dìde ní London. Wọ́n rí i pé bí iná bá gba ọ̀nà kan, ara ènìyàn a yá gágá. Bí ó bá gba òdìkejì, a dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn mìíràn tó tún un ṣe kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀, oògùn ìsoríkọ́ sì ti dé ọjà. Wọ́n tún pa á tì.

Ìwọ̀n ló mú un padà. Ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield ṣe ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tó lè ta ọpọlọ jí láti òde agbárí, tí ìka ọwọ́ yóò sì mira. Ní 2000, Michael Nitsche àti Walter Paulus ti Göttingen ní Jámánì fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yẹ iná kékeré wò. Milliampere 1 fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré yí ìdáhùn iṣan padà tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ipa rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn tí wọ́n pa iná.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀ lára, ìwọ̀n kan sì wà tí iná náà gbọ́dọ̀ dé kí sẹ́ẹ̀lì tó ránṣẹ́ sí èkejì. Fóòmù méjì tí a rẹ sínú omi iyọ̀ ló ń gbé iná bátìrì dé awọ orí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ojú awọ kọjá. Díẹ̀ ló ń wọlé. Díẹ̀ yẹn kò tó mú sẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́. Ó kàn ń mú èyí tó wà lábẹ́ orí bátìrì tó ní àmì ìròpọ̀ sún mọ́ ìwọ̀n náà ni, ó sì ń fa ti àmì ìyọkúrò sẹ́yìn. Bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àlejò ni. Kò fà á wọlé.

Ṣé ó ń wo ìsoríkọ́? Ní 2017, àwọn oníṣègùn São Paulo ní Bràsíl ṣe àyẹ̀wò fún aláìsàn 245: iná náà ju ìtọ́jú àfarawé lọ, àmọ́ kò fi hàn pé òun tó oògùn. Ní 2023, àyẹ̀wò fún ènìyàn 160 ní Jámánì, tí wọ́n ti ń lo oògùn tẹ́lẹ̀, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ara yíyún àti awọ pípọ́n ni ìnira tó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi bátìrì rédíò ṣe tiwọn nílé lè fi jó ara wọn lórí. Ní 2024, àbájáde mìíràn jáde láti Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà: ènìyàn 174 lo ẹ̀rọ náà nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, olùṣèwádìí ń wò wọ́n láti orí fídíò. Àwọn tí iná tòótọ́ kàn sàn ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ àfarawé náà sàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó bẹ́ẹ̀.