Ọ̀já Ìkookò Nínú Ọgbà Ilé: Ìtàn Ewéko Ìbílẹ̀ Kan Láti Ilẹ̀ Yorùbá Dé Bùràsíìlì

Ohun tí àròkọ yìí dá lé lórí ni ìtàn ọ̀já ìkookò, ewéko ìbílẹ̀ tí ewé rẹ̀ gùn bí idà, tí ó sì máa ń dúró ṣánṣán bí koríko. Oríṣi méjì ni a ó mẹ́nu bà: Sansevieria liberica àti Sansevieria trifasciata. Ọdún 1903 ni àwọn onímọ̀ ewéko fún àwọn méjèèjì ní orúkọ wọ̀nyí, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni orírun wọn. Ní èrò tiwa, gígùn ewé náà bí ọ̀já ìpọnmọ àti àwọ̀ ara rẹ̀ tí ó dàbí ti ẹranko ni ó bí orúkọ tí Yorùbá fún un.

Ewéko yìí kò bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń tọ́jú omi sínú ewé rẹ̀ tí ó ki. Òru ni ó ń ṣí ojú ihò ara ewé láti mí, kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ gbẹ. Òru náà ni òdòdó rẹ̀ funfun ń ta sánsán. Omi àpọ̀jù ni ó ń pa á. Bí a bá gé ewé rẹ̀ kan tí a sì rì í mọ́lẹ̀, yóò hù.

Èyí bá àdúgbò bí Ọ̀rányàn mu. Láti ìgbà tí Ìbàdàn ti di ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829 ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní àárín ìlú, ilẹ̀ ọgbà sì ti dín kù. Ìkòkò tí ó ti sán tó fún ọ̀já ìkookò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ jẹ ẹ́, nítorí ó lè mú wọn bì.

Ní Bùràsíìlì, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ń pe trifasciata ní espada-de-Ogum, èyí tí í ṣe idà Ògún. Wọ́n ń gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà fún ààbò. Èyí tí etí ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ọya. Ohun ìyanu ni pé nílé níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn olódòdó ẹ̀bá títì kà á sí òdòdó òyìnbó.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá lógún. Ní 2017 àti 2018, àwọn onímọ̀ kó oríṣi méjèèjì sínú ìdílé Dracaena, níbi tí pẹ̀rẹ̀gún wà. Ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú pẹ̀rẹ̀gún tí àwọn baba wa fi ń sààmì ààlà ilẹ̀. Ní ìkádìí, ewéko náà kò tíì sọnù. Orúkọ rẹ̀ ni ó ń sọnù. Kí olùkọ́ àti òbí gbìn ín, kí wọ́n sì pè é lórúkọ létí ọmọ.