Ibi Ìjẹun àti Ìtàn ní Pópó Àgùdà

Àwọn àgbà sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bù ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn yóò ti jẹun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi nìkan. Ní ìlú tí onírúurú ènìyàn tẹ̀dó sí, ẹni tí ó yan ibi tí yóò ti jẹun ti yan àwọn tí yóò bá jókòó, èdè tí yóò gbọ́, àti ìwà tí yóò bá pàdé nídìí àwo. Èyí hàn kedere ní Erékùṣù Èkó, pàápàá jù lọ ní Pópó Àgùdà.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àdúgbò ńlá mẹ́ta ni ó wà nítòsí ara wọn ní erékùṣù náà. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ti àwọn onílẹ̀, ní àyíká Ìgà Ìdúngànrán. Olówógbowó ni ti àwọn Sàró. Pópó Àgùdà sì ni ti àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsílì àti Kúbà padà wálé. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní ìlú Salvador ní Bahia ní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ lé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti gba òmìnira padà sí Áfíríkà. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì fi àgbá lu Èkó ní ọdún 1851, tí òwò ẹrú dópin níbẹ̀, àwọn tí ń padà bọ̀ pọ̀ sí i. Bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ wà nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò farasin: Ilé Olómi tí ó wà ní òpópónà Kakawa, tí a kọ́ ní ọdún 1885, àti Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894, jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n òkúta nìkan kọ́ ni wọ́n fi kọ ìtàn wọn. Wọ́n fi ìkòkò kọ ọ́ pẹ̀lú. Àkàrà ti bá àwọn baba wọn sọdá òkun lọ sí Bahia, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi epo pupa dín in ní ojú pópó títí di òní, tí wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Ní ọdún 2005, ìjọba Bùràsílì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Bí àkàrà ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni frejon bọ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ Potogí tí í ṣe feijão, èyíinì ni ẹ̀wà, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. A óò se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, a óò lọ̀ ọ́, a óò sẹ́ ẹ, a óò sì fi omi tí a fún láti ara àgbọn rírin sè é. Ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Àjíǹde ni ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Ẹja ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́, nítorí ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ náà.

Nítorí náà, àlejò tí ebi ń pa kò lè yàn láìronú. Nínú àwọn Àgùdà fúnra wọn, Kátólíìkì wà, Mùsùlùmí sì wà. Ohun tí ọ̀kan ń jẹ, èèwọ̀ lè jẹ́ fún èkejì. Olóúnjẹ ojú pópó wà fún ẹni tí ń kánjú. Ilé ìbátan wà fún ẹni tí ó ní ìbátan. Ẹni tí kò ní èyíkéyìí, tí ó sì fẹ́ jókòó nídìí tábìlì, nílò ilé mìíràn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìdílé Fernandez kọ́ ní Ìta Tinúubú ní nǹkan bí ọdún 1855, fún oúnjẹ àti ohun mímu. Ní ọdún 1933 ni ó di ti ìdílé Ọláìyá, tí wọ́n sì ń pè é ní Ilọ́jọ̀ Bar. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ìkéde yẹn kò gbà á là. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ḿbà, ọdún 2016, katakata wó o lulẹ̀. Ilé tí ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún di òkìtì bíríkì láàárín ìwọ̀n àkókò kúkúrú.

Ó yẹ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ilé tí òfin dáàbò bò ti lọ. Frejon tí kò ní òfin kankan lẹ́yìn ṣì wà. Kì í ṣe pé ìkòkò le ju ògiri lọ. Lọ́dọọdún ni ìyá ń pe ọmọ sídìí ààrò láti wá wo bí a ti ń sẹ́ ẹ̀wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọjá ní Ìta Tinúubú lójoojúmọ́ kò rí ẹni tí yóò sọ fún wọn ìdí tí ilé náà fi wà níbẹ̀. Ohun tí a kò kọ́ ọmọ, ọmọ kì yóò jà fún un.

Iṣẹ́ wà, nígbà náà, fún olùkọ́ ilé-ìwé àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn ìtàn. Ilé Àgùdà díẹ̀ ṣì dúró ní Pópó Àgùdà; àwọn ìyá àgbà tí wọ́n mọ frejon í sè ṣì wà pẹ̀lú. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó kọ́ ilé, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti kọ́ ọbẹ̀ náà. Kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó fọ ọwọ́.